Erékùṣù Méjì tí Rẹ̀mílẹ́kún Kò Dé

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó bí Rẹ̀mílẹ́kún. Tọkàntọkàn ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ó sì rẹ̀ mí lẹ́kún fún ọdún mọ́kàndínlógójì. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tó jẹ́, kí àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ kiri tó sọ ọ́ di ẹlòmíràn.

Nọ́ọ̀sì ni. Wọ́ọ̀dù àwọn tó ní àrùn ọkàn ló ti ń ṣiṣẹ́ ní D.C., ní Amẹ́ríkà níhìn-ín, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ké pí-pí-pí lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣíìfù lórí ṣíìfù. Ọkọ rẹ̀ ti padà sí Èkó lọ ṣòwò, ọmọ ò sí láàárín wọn, èmi àti òun nìkan la wà nílé ní Fort Washington. Tí maikirowéfù bá ti ké, á ti fò dìde lórí àga, á máa wá ẹni tó fẹ́ kú. Iná ni mo wá padà ń gbé ọbẹ̀ kà.

Lọ́dún 1996, wọ́n fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Ó gba ìwé aláwòrán méjì bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì.

"Màmá, ẹ bá mi mú ọ̀kan. Gozo rèé, erékùṣù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Malta. Òkúta, òkun àti oòrùn. Sark rèé, erékùṣù mìíràn láàárín England àti France. Wọn kì í wa mọ́tò níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ àti ẹṣin ni."

"Wọn ò ní mọ́tò? Ṣé ìyà ń jẹ wọ́n ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyà kọ́, Màmá. Wọn ò fẹ́ ariwo ni."

"Ta lo mọ̀ níbẹ̀?"

"Mi ò mọ ẹnikẹ́ni. Ìdí tí mo fi fẹ́ lọ gan-an nìyẹn."

Mo ní kó mú Gozo nítorí oòrùn. Lónìí, Gozo ni. Tó bá di ọ̀la, ó ti di Sark. Mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti lọ.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Seat Pleasant, ẹnìkan kì í rìnrìn àjò kí wọ́n má gbàdúrà fún un. Tó bá lọ láìsọ, àfojúdi ni. Rẹ̀mí dìde lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ní òun fẹ́ lọ sinmi ní erékùṣù kan, kí wọ́n bá òun gbàdúrà. Ìyá Mobáyọ̀, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ àti ta?"

"Èmi nìkan, mà."

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mo kàn fẹ́ jókòó ni, mà."

"Jókòó? Ṣé kò sí àga nílé rẹ ni?"

Gbogbo àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà wọ́n. Obìnrin tí kò lọ́kọ nílé, tó fẹ́ dá wà lórí omi níbi tí kò ti mọ èèyàn! Wọ́n ní nǹkan kan ló ń pè é. Láti ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n pín ara wọn sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kó má bàa dá wà. Wọ́n ń gbé ìkòkò ìrẹsì bọ̀, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Adétutù, tó kéré jù nínú wọn, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kíṣìn.

"Màmá, ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe òyìnbó kan ló ń dúró dè é níbẹ̀?"

"Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá ti bá a di ẹrù."

Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ohun tí kò jẹ́ kí n lè lé wọn nìyẹn, òun náà ni kò jẹ́ kí n lè dárí jì wọ́n. Ọmọ mi á dé láti ibi iṣẹ́, á bá mọ́tò mẹ́rin níwájú ilé, á sì jókòó sáàárín wọn, á máa ṣe "àmín" pẹ̀lú ojú tí oorun ń pa dé.

Nígbà tó yá, ó kó ìwé méjèèjì kúrò lórí tábìlì. "Màmá, mi ò lọ mọ́. Bí mo bá ní mi ò lọ, bóyá wọ́n á lọ sílé wọn."

Wọn ò lọ. Ìdúpẹ́ ni wọ́n tún wá ṣe. Ìsinmi rẹ̀ ò tíì parí tó fi padà síbi iṣẹ́. Ó ní àwọn aláìsàn òun kì í sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní Oṣù Kọkànlá, ó ń bọ̀ wá sílé lẹ́yìn ṣíìfù méjì. Oorun gbé e lọ lórí ọ̀nà márosẹ̀. Ó kọjá ibi tó yẹ kó yà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Accokeek, ìlú tó tẹ̀ lé tiwa, kí mọ́tò tó wọ inú igi. Bí àṣà wa, wọn ò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí.

Ilé kún. Ìyá Mobáyọ̀ jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú. "Màmá, ẹ gba kámú. Ibi tí Sister Rẹ̀mí wà báyìí, kò sí ariwo níbẹ̀."

Mo gba ọwọ́ mi lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá Mobáyọ̀, ibi tó fẹ́ lọ, ọkọ̀ ojú omi máa ń gbé èèyàn padà níbẹ̀."

Mo rò pé wọ́n á jẹ́ kí ilé dákẹ́ fún mi fúngbà díẹ̀. Adétutù bá dá orin, gbogbo wọn sì gbè é.