Rìbọ́ọ̀nù Bùnmi lórí Adágún Lewisville

Ọdún mọ́kànlélógún ni Láyíwọlá fi wa tíréènì ní Oak Cliff nílùú òyìnbó, òun sì ni oòrùn ń wò kó tó yọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òkun ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó mọ bí àwọn ilẹ̀ ńlá ṣe du rìbọ́ọ̀nù búlúù, oyè ẹni tí ọkọ̀ akérò rẹ̀ bá yára la Àtìláńtíìkì já jù, títí di 1952 tí ọkọ̀ United States fi ta Queen Mary yọ.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó fi igi gbẹ́ United States kékeré, ó fi mọ́tò bátìrì sí i nídìí. Ọládèjì, ẹ̀gbọ́n Bùnmi ìyàwó rẹ̀, gbọ́, òun náà kan Queen Mary. Wọ́n wá ń fi wọ́n díje lọ́dọọdún lórí adágún Lewisville. Bùnmi gé etí gèlè búlúù rẹ̀ ṣe rìbọ́ọ̀nù fún ẹni tó bá borí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú. Láti ìgbà náà, ilé Ọládèjì ni rìbọ́ọ̀nù ọ̀hún wà.

Kì í ṣe pé ọkọ̀ Láyíwọlá kò yá. Pẹ́pẹ́yẹ ń yà fún un láti máìlì kan. Ẹ̀kọ́ ilé ló ń pa á lára. Bó bá ti ṣáájú, Ọládèjì á húkọ́, á ní àna òun ò tíì kí òun dáadáa. Láyíwọlá á dọ̀bálẹ̀ tòun ti rìmóòtù, àyà rẹ̀ á tẹ bọ́tìnì, ọkọ̀ á máa pòòyì bí ajá tó ń lé ìrù rẹ̀.

Lọ́dún yìí, Ọládèjì ń padà sí Ìbàdàn pátápátá, rìbọ́ọ̀nù á bá a lọ. Túndùn ọmọ Láyíwọlá ti kìlọ̀: “Daddy, please, just wave.”

United States ṣáájú. Ọládèjì húkọ́. Láyíwọlá di eyín, ó tẹjú mọ́ omi. Ó wá rántí bí inú Bùnmi ṣe máa ń dùn tí òun bá ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó na gbalaja sórí koríko.

Ọkọ̀ rẹ̀ ń pòòyì. Queen Mary kù díẹ̀ kó débi èbúté, ló bá dúró. Ọládèjì ti gbọ́wọ́ kúrò lórí rìmóòtù tirẹ̀.

“Dìde, wa ọkọ̀ rẹ lọ,” ló wí jẹ́jẹ́. “Ẹni tó ṣì ń bọ̀wọ̀ fún àbúrò mi báyìí, kí ni mo fẹ́ gbé gèlè ìyàwó rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn ṣe?”

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ òjóró. Ẹ jẹ́ ká tún un sá.”

“Bá a bá tún un sá, màá tún húkọ́.”

Ẹ̀rín pa Láyíwọlá, omi sì lé sí i lójú. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ dé èbúté. Ọládèjì fúnra rẹ̀ ló so rìbọ́ọ̀nù náà mọ́ ọn. Kókó kò dì, Láyíwọlá sì bá a di etí kejì mú.