Kéèkì Ọjọ́ Jímọ̀

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ẹnìkan máa ń ṣe ọjọ́ ìbí nínú ìpàdé wa ní Jẹ́dà. Irọ́ ni, kò sẹ́ni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí. Òfin ìlú ni kò fún Kristẹni láyè láti kóra jọ sìn, nítorí náà, bí ẹnìkan bá kanlẹ̀kùn nígbà tí a wà lórí àdúrà, kéèkì àti àbẹ́là ló gbọ́dọ̀ bá lórí tábìlì, pẹ̀lú ọmọ kan tó dé fìlà bébà. Bíbélì á ti wọ abẹ́ ìtìmùtìmù àga. Àwọn ọmọ ló ń gba fìlà náà lọ́wọ́ ara wọn: bó bá kan tìẹ lọ́sẹ̀ yìí, á kan ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí a bá ní ká ka gbogbo ọjọ́ ìbí tí àwọn kan ti ṣe nínú wọn, wọ́n á ti dàgbà ju ìyá wọn lọ.

Ilé alàgbà wa ní Hindawíyà ni a ti ń ṣe ìpàdé yìí, lókè pátápátá nínú ilé àtijọ́ kan tí àlejò kún fọ́fọ́. Ẹnjiníà ni alàgbà, iléeṣẹ́ tó ń sọ omi òkun di omi mímu ló ń bá ṣiṣẹ́. A máa ń dúró títí wàásù Jímọ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ lórí gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí tó wà ní ìkángun òpópónà kí àwa náà tó dá orin, kí ohùn ìmáàmù lè bo tiwa. Síbẹ̀, jẹ́jẹ́ la ṣì ń kọ ọ́, bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orin kan ṣoṣo tí a lè la ẹnu kọ ni orin ọjọ́ ìbí, nítorí òun ni ẹ̀rí wa. Bí ìpàdé bá ti parí, a ó pariwo rẹ̀ kí àwọn ará ìsàlẹ̀ lè gbọ́, a ó pàtẹ́wọ́, a ó gé kéèkì, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ.

N kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lé mi lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọsibítù aládàáni kan ní Bagdadíyà ni mo wà nígbà náà, ara mi kì í sì í gba ariwo ọmọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹni tó ń darí wọn ló kó lọ sí Kánádà. Alàgbà wá wò mí, ó ní, 'Ìwọ lo le jù nínú wa, wọn ò ní lè rẹ́ ọ jẹ.' Bóyá ó yìn mí ni o, bóyá ó bú mi ni, mi ò tíì mọ̀ títí dòní.

Ẹ̀ka ni ẹgbẹ́ náà jẹ́ ti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan tó ti pẹ́ nílé. Nílé, kákí ni wọ́n ń wọ̀. Bí wọ́n bá jáde ìsìn, wọ́n á máa yan bí ológun lójú títì, fèrè á máa dún, àwọn ìyá á máa sáré tẹ̀ lé wọn. Èmi náà yan nígbà èwe mi, bàtà há mi lẹ́sẹ̀, mo sì ń rò pé ayé ń wò mí. Ní Jẹ́dà, ta ló fẹ́ yan? Níbo? Ohun tó kù lọ́wọ́ wa kò ju ẹ̀jẹ́ ẹgbẹ́ lọ, èyí tí àwọn ọmọ ń kà lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: 'A ó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ní ibi gbogbo tí a bá wà.'

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí wọ́n bí sí Jẹ́dà níbẹ̀. Ó ti fẹ́ parí ilé-ìwé girama. Ọ̀rẹ́ mi ni ìyá rẹ̀. Bí o bá bá a sọ Yorùbá, Lárúbáwá ló máa fi dá ọ lóhùn, àfi bó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ka ẹ̀jẹ́ tán, ó bú sẹ́rìn-ín.

'Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ìmọ́lẹ̀ wo? Ṣebí kọ́tìnnì la kọ́kọ́ ń fà dí.'

Àwọn yòókù bá a rẹ́rìn-ín. Ká sọ tòótọ́, ẹ̀rín ń pa èmi náà, ṣùgbọ́n mo le ojú mọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dìde lọ jẹun, mo dá a dúró, mo bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá òun gba Ọlọ́run gbọ́. Bí ẹni tó ń sọ pé òun kì í jẹ alùbọ́sà ló ṣe sọ ọ́. Ó ní lórí ìkámà òun, ìyẹn ìwé ìgbélùú wa, wọ́n kọ ọ́ pé òun kì í ṣe Mùsùlùmí, kò sẹ́ni tó bi òun kí wọ́n tó kọ ọ́. Nínú ilé, wọ́n ní Kristẹni ni òun, kò sẹ́ni tó bi òun níbẹ̀ náà. Àwọn ìbátan òun ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Èkó kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ayé sì ń gbà wọ́n.

'Bí mi ò bá gbàgbọ́, Àǹtí, ṣé mo ṣì lè máa wá?'

Mo ní, 'Kí lo fẹ́ máa wá ṣe?'

Ó ní, 'Bí ẹ bá yọ yàrá mi kúrò, ibí nìkan ni mo ti ń bọ́ abáyà. Mi ò lè wakọ̀. Dádì ò jẹ́ kí n lọ sílé ọ̀rẹ́ kankan. Ẹ̀yin lẹ ní í, bí ẹ bá lé mi, ó parí nìyẹn.'

Mo ní kó lọ jẹun.

Ọ̀rọ̀ kì í ní apá, ṣùgbọ́n ó ń fò. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, alàgbà ti gbọ́. Ó pè mí sí kọ̀rọ̀ pálọ̀. 'Ẹgbẹ́ Kristẹni fún àwọn ọmọ tí kò gba Kristi, kí là ń pe ìyẹn? Ẹgbẹ́ ajẹkéèkì?' Ó ní tí Àjíǹde bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dìde níwájú wa, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbàgbọ́. Ẹni tó bá gbàgbọ́, kó wá jókòó ti àwa àgbà. Ẹni tí kò bá gbàgbọ́, kó dúró sílé. Ẹgbẹ́ á sì tú ká nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le ni pé alàgbà kò jẹ̀bi. Ó ní, 'Bí wọ́n bá já wọlé lónìí, gbogbo wa ni wọ́n máa kó. Bó bá jẹ́ nítorí Olúwa, mo ti gbà. Ṣé nítorí ọmọ tó kàn fẹ́ bọ́ abáyà ni n ó ṣe lọ jókòó sí àtìmọ́lé?' Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, mi ò rí ibi tí mo lè gbá a mú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ náà ṣì wà lọ́rùn mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, àárín orin la wà tí wọ́n kanlẹ̀kùn. Ẹ gbà mí o! Bíbélì wọlẹ̀, iná àbẹ́là tàn, ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ nígbà tí orin kò tíì sí. Ọmọbìnrin yìí ni fìlà kàn lọ́jọ́ náà. Alàgbà ṣílẹ̀kùn. Àlàájà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé ló dúró síbẹ̀, ọmọ ilẹ̀ wa, tó wá ṣe úmúrà láti ọjọ́ pípẹ́, tí kò padà sílé mọ́. Kò ní ìwé ìgbélùú, aṣọ ló ń fọ̀ fún àwọn èèyàn. Kò tilẹ̀ wo kéèkì wa.

Ó ní, 'Ẹ dákun, ta ló gbọ́ èdè wọn dáadáa nínú yín? Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ń rọbí látàná, ọmọ ò wá. Bí mo bá gbé e dé ọsibítù, kí ni n ó sọ fún wọn?'

Gbogbo wa wo ara wa. Lárúbáwá tèmi kò kọjá 'mí sínú' àti 'níbo ló ti ń dùn ọ́.' Ti alàgbà kò kúrò lórí páìpù. Ọmọbìnrin náà ti ṣí fìlà, ó ti ń wọ abáyà. 'Yálà,' ló fi Lárúbáwá wí, 'ó yá, Àǹtí, ẹ jẹ́ ká lọ.'

Níbi tí wọ́n ti ń gbàwé ní ọsibítù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìkámà. Ọmọ náà fi ìgúnpá lé tábìlì, ó sì ń da Lárúbáwá Jẹ́dà sílẹ̀ bí ọmọ onílé. Mi ò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Mo kàn rí i pé ọkùnrin tó ń béèrè ìwé dìde, ó lọ pe dókítà. Gbogbo ọ̀sán yẹn, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ wọlé, tó ń gbé e jáde, títí obìnrin náà fi bí ọmọ ọkùnrin. Láàárín méjì, òun àti Àlàájà jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

'Wákàtí kan péré ni Mẹ́kà sí ibi tí wọ́n ti bí mi,' ló wí, 'mi ò rí i rí. Níbi tí ọ̀nà ti pín ni wọ́n ti ń ní kí àwa tí a kì í ṣe Mùsùlùmí yà.'

Àlàájà ní, 'Èmi rí Mẹ́kà, ọmọ mi. Ilé mi ni mi ò rí.'

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo ń wò wọ́n, mo sì ń rò ó pé ìwé ni kò jẹ́ kí kálukú wọn dé ibi tó fẹ́ dé.

Láti ọjọ́ náà ni ìròyìn ti dé àdúgbò Núslà. Àwọn obìnrin tí kò níwèé bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Àlàájà pé kó bá wọn wá àwọn ọmọ tó gbọ́ èdè. Bí ìpàdé bá ti parí, mo máa ń rán wọn ní méjì-méjì, àgbà kan á tẹ̀ lé wọn. Mo kì wọ́n nílọ̀: 'Ọ̀rọ̀ tí aláìsàn bá sọ ni kẹ́ ẹ sọ. Ẹ ò gbọdọ̀ fi tiyín kún un, ẹ ò gbọdọ̀ wàásù fún ẹnikẹ́ni.' Àwọn ọmọ tí mo máa ń fa létí kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀ wá ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀jẹ́ ẹgbẹ́ ńkọ́? A gbàgbé láti kà á, èmi náà ò sì rán ẹnikẹ́ni létí.

Inú alàgbà kò dùn sí i. Ó ní, 'Iṣẹ́ àánú ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n níbo ni Ọlọ́run wà nínú rẹ̀?' Mo ní mi ò mọ̀, sà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń wá. Ó ní wíwá kọ́ ni ìgbàgbọ́. Àdéhùn Àjíǹde kò yẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣíwájú Àjíǹde dé. Ọmọkùnrin kan ló dé fìlà. Nígbà tí wàásù mọ́ṣáláṣí ti parí, tí ìta ti pa lọ́lọ́, alàgbà ní kí àwọn ọmọ máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kọ́kọ́ dìde ka tiwọn bí ayékòótọ́, ojú wọn wà lára kéèkì. Ó wá kan ọmọbìnrin yìí. Ìyá rẹ̀ ti ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ látòkèèrè pé kó ṣáà sọ ọ́.

Ọmọ náà ní, 'Mi ò fẹ́ purọ́ lónìí, sà.'

Alàgbà ní, 'Kí ló dé tó fi jẹ́ òní?'

'Nítorí òní ni ọjọ́ ìbí mi.'

Ìyá kan pòṣé. 'Ọmọ yìí, kò kàn ọ́ o! Ìwọ lo ṣe é níjelòó.'

'Gidi ni, mà. Òní gan-an ni wọ́n bí mi. Mo pé ọmọ ọdún méjìdínlógún.'

Gbogbo wa yíjú sí ìyá rẹ̀. Ó ti fọwọ́ bo ẹnu. 'Yéè! Mo gbàgbé. Gbogbo ìgbà ni mo ń rí i pẹ̀lú fìlà yẹn lórí, mo gbàgbé ọmọ mi!' Ó bú sẹ́kún. Kò sẹ́ni tó lè bá a wí, nítorí kò sí ọ̀kan nínú wa tó mọ̀. A ti kọrin ọjọ́ ìbí fún ọmọ náà láìmọye ìgbà, a ò kọ ọ́ lọ́jọ́ tó jẹ́ tirẹ̀ rí. Ojú tì mí.

Nígbà tí alàgbà máa sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló ń wò. 'Nínú pálọ̀ yìí la ti sọ ọ́ lórúkọ. Èmi ni mo gbé e sókè. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni mo sì pe orúkọ náà.' Ó dìde, ó tan àbẹ́là, ó sì gbé orin ọjọ́ ìbí. Ọkùnrin tó ń ṣẹ́wọ́ sí wa bí a bá fi díẹ̀ gbóhùn sókè, tó ń ti fèrèsé lẹ́ẹ̀mejì, òun ló la ẹnu gbàù yìí, lójú ọ̀sán, kì í sì í ṣe nítorí kí àwọn ará ìsàlẹ̀ lè gbọ́. A gbè é. Ọmọ náà dúró láàárín wa, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, a kọ ọ́ tán, a tún un kọ.

Alàgbà ò béèrè nǹkan kan mọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó kù. Ó gé kéèkì, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé èyí tó tóbi jù fún un.

Ọmọ náà gbà á, kò jẹ ẹ́. 'Sà, mi ò tíì dáhùn ìbéèrè yín.'

'Mo gbọ́ ọ. Máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀,' ni alàgbà wí. 'Fìlà yẹn, jẹ́ kí ẹlòmíràn máa dé e. Ìwọ má dé e mọ́.'

'Ẹ ṣé, sà,' ló wí, ní Yorùbá, ó sì jókòó sáàárín wa.