Ìlẹ̀kùn Tí Ìyá Mi Ń Gbà Wọ Ọkọ̀

Ẹnu mi mú. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní ilé ìwé ní Odigbo mọ̀, ọkọ mi náà mọ̀ kó tó lọ wá iṣẹ́ sí òkè ọya. Ìyá mi nìkan ni kì í bá mi fà á. Tí mo bá ń sọ̀kò ọ̀rọ̀, á kàn máa wò mí. Tí mo bá dákẹ́, á ní, "O ti parí?" Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu mi wà nínú rẹ̀, ọwọ́ mi náà sì wà níbẹ̀. N kò lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹnì kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti gbìyànjú rẹ̀ títí.

Ọkọ̀ sitéṣọ̀n onílẹ̀kùn mẹ́rin ni mò ń wà nígbà náà, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn tí búùtù rẹ̀ ń ṣí lọ sókè. Owó tí ìjọba ń yá àwọn tíṣà ni mo fi rà á kí sójà tó gbàjọba, nígbà tí ìlú ṣì dùn. Obìnrin tó ń wa ọkọ̀ kò pọ̀ ní Odigbo. Bí mo bá ń kọjá, àwọn ọmọdé á máa pariwo, "Tíṣà obìnrin!" Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Irọ́ ni, mò ń gbọ́, ó sì ń dùn mọ́ mi.

Ajue ni ìyá mi ń gbé, nídìí kókó àti ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ìkálẹ̀ ló máa ń sọ. Bí gbogbo ayé á ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe ń kọ ọ́ síbí. Igi wó lù ú lẹ́sẹ̀ lóko nígbà tí mo ṣì kéré, láti ọjọ́ náà ni eékún ọ̀tún rẹ̀ kò ti ká mọ́. Ẹsẹ̀ náà á kàn nà gbọọrọ ni. Kò lè jókòó níwájú ọkọ̀, nítorí kò sí ibi tó máa nà án sí. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún, ni tirẹ̀. Á kọ́kọ́ fi ìdí jókòó, á máa sún díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi kan ìlẹ̀kùn òdìkejì, á wá tẹ́ ẹsẹ̀ náà sórí ìjókòó. Èmi á dúró síta, màá di ìlẹ̀kùn mú. Ìlẹ̀kùn yẹn kì í dá dúró. Tí mo bá fi í sílẹ̀, á padà wá gbá a lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ náà le, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lèèyàn máa fà á kó tó ṣí. Ìyá mi á ní, "Ìlẹ̀kùn yìí jọ ọ́."

Ọjọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn oṣù ni mo máa ń lọ gbé e. A ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Odigbo, á sùn sọ́dọ̀ mi, tó bá di ọjọ́ kejì, a ó lọ sí ọsibítù ní Ore kí wọ́n lè wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Tí a bá ń padà, á ní kí n ra búrẹ́dì ní ìkóríta. Á gbé e lé àyà, á máa juwọ́ sí gbogbo ẹni tó bá rí lójú ọ̀nà, àti ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀. Mo máa ń bá a wí, mo ní ó ń ṣe bí ìyàwó gómìnà. Ó ní gómìnà wo, sójà ni gbogbo wọn.

Nǹkan wá le. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tó yóò rántí. Oṣù á parí, òmíràn á bẹ̀rẹ̀, a kò ní gbọ́ nǹkan kan nípa owó oṣù. Sójà á jókòó sórí rédíò, á ní ká fara dà á. Ta ni kò fara dà á? Ṣúgà kúrò nínú ilé èmi àti àwọn ọmọ mi, lẹ́yìn náà mílíìkì, lẹ́yìn náà ẹran. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí kó gààrì àti epo pupa láti Ajue wá sí Ore ní gbogbo Sátidé. Ọ̀nà oko nìyẹn, gbágun-gbàgun ni. Àwọn àpò á máa ti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ti jẹ. Tuntun kò sí, àlòkù tó wà, ọwọ́ mi kò tó o. Lọ́jọ́ kan, ìlẹ̀kùn òsì ṣí lórí ìrìn, àpò gààrì kan jábọ́, ó sì tú. Mo rí i nínú dígí, funfun lórí ilẹ̀ pupa. Mo jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n tufọ̀ fún.

Pánẹ́ẹ̀lì-bítà kan wà ní Ore tó máa ń bá mi tún ara ọkọ̀ ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ dára, ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká yọ àwọn ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn yìí. Màá gbé páànù sí i, màá jó o pa. Ká yọ ìjókòó ẹ̀yìn náà. Ọkọ̀ yín á di onílẹ̀kùn méjì, ẹrù kankan kò ní já bọ́ mọ́ láyé."

Ẹ lè bi mí bóyá mo rántí ìyá mi lọ́jọ́ náà. Mo rántí rẹ̀. Mo ní a ó máa tẹ́ ẹní fún un.

Ọ̀sẹ̀ kan ló fi ṣe é. Ó lu páànù náà títí tó fi bá ara ọkọ̀ mu, ó jó o mọ́ ọn, ó fi pọ́tì dí ojú rẹ̀, ó fi sáńpépà ha á, ó sì kùn ún. Tí ẹ bá fi ọwọ́ pa á, ẹ kò ní mọ̀ pé ìlẹ̀kùn wà níbẹ̀ rí. Mo jó lójú agbo nínú ọgbà rẹ̀. Àní mo jó!

Nígbà tí Ọjọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn oṣù pé, mo dé Ajue. Ìyá mi ti múra, ó ti wé gèlè, ó gbé Bíbélì dání. Ó rọra wá sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ó na ọwọ́, kò rí nǹkan kan fà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ibẹ̀ lọ, pa á bọ̀.

"Ìlẹ̀kùn mi dà?"

"Mo ti dí i, Ìyá. Ẹ gba búùtù wọlé. Mo ti tẹ́ ẹní, ìrọ̀rí náà wà níbẹ̀. Ẹ ó tilẹ̀ lè na ẹsẹ̀ yín dáadáa."

"Búùtù? Èmi?"

"Kí ló ṣe búùtù?"

"Òkú ni wọ́n ń gba ibẹ̀ gbé wọlé. Mo máa ń rí wọn ní ọsibítù. N kò tíì kú."

Ara mi gbóná. Àwọn aládùúgbò ti wà níta pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n ń gbọ́ wa. Kàkà kí n rẹ ohùn sílẹ̀, ńṣe ni mo gbé e sókè. Mo ní, "Ṣé kí ebi pa àwọn ọmọ mi nítorí ibi tí ẹ máa gbà wọ ọkọ̀ ni? Ẹ wọlé, àbí kí ẹ dúró síbẹ̀!" Mo sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi. Mo tún sọ àwọn mìíràn tí n kò ní kọ síbí.

Ó wò mí. "O ti parí?"

"Mo ti parí."

"Ó dáa. Máa lọ. Tí o bá tún ń bọ̀, bá mi gbé ìlẹ̀kùn mi dání." Ó yí padà, ó wọlé pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀. Mo ti búùtù gbàgà, mo lọ. Mo kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gba ìlẹ̀kùn náà lọ́wọ́ pánẹ́ẹ̀lì-bítà, mo gbé e lọ fún un. Mo gbé e ti ògiri, mo ní, "Ẹ fi ṣe ilé adìẹ." Láti ìgbà náà, bí mo bá ti kó gààrì tán, á bi mí pé, "Ìgbà wo lo máa dá a padà?" Màá ní, "Tí ìjọba bá sanwó." Kò wá sí Odigbo mọ́. Kò lọ sí ọsibítù mọ́. Mò ń ra oògùn rẹ̀ ní Ore, mò ń gbé e lọ fún un, ẹnikẹ́ni kò sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ìjọba wá sanwó. Wọ́n san oṣù bíi mélòó kan pa pọ̀. Lọ́sẹ̀ náà gan-an, mo ra táyà. Mo sọ fún ara mi pé ìlẹ̀kùn lè dúró, pé táyà kò lè dúró. Nígbà tí ìyá mi rí táyà tuntun, ó kí mi kú oríire. Ó ní, "Ìlẹ̀kùn ńkọ́?" Mo ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Ó ní, "Ó dáa."

Oṣù tó ń bọ̀ náà kò tíì dé nígbà tí ọkùnrin kan gun máṣíìnì wá bá mi ní kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ kan, láti Ajue. Ó ní, "Tíṣà, ẹ máa bọ̀. Ara ìyá yín kò yá rárá." Nígbà tí mo débẹ̀, ó jókòó sórí àga níta, wọ́n fi òpó ilé gbà á lẹ́yìn. Orí ń fọ́ ọ, ó ń bì, èémí rẹ̀ ń já. Mo sáré ṣí búùtù. Ó rí i, ó mi orí.

Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dárí jì mí, ẹ wọlé."

"N kò tíì kú," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. "Lọ wá ọkọ̀ tó ní ìlẹ̀kùn."

Àwọn ọkùnrin àdúgbò ní kí wọ́n gbé e wọlé bẹ́ẹ̀ tipátipá. Ó fi apá méjèèjì gbá òpó náà mọ́ra. Háà. Ìyá mi, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. N kò lè jẹ́ kí wọ́n já ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Títí di àkókò tí mo ń kọ èyí, n kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n jẹ́ kí wọ́n já a.

Mo sáré lọ sí Ore. Kò sí bẹntiróòlù nígbà náà. Àwọn ọlọ́kọ̀ ti tò sílé epo láti àná, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ìwọ̀nba tó kù nínú táńkì rẹ̀ wọ ọ̀nà oko. Mo bẹ̀ wọ́n, mo bú wọn, mo tún bẹ̀ wọ́n. Mo wá yà sọ́dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì-bítà.

"Gé e!"

"Èwo, Tíṣà?"

"Ìlẹ̀kùn ìyá mi! Gé e báyìí!"

Ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Kò sí iná, ó fi gáàsì gé e. Ọ̀dà ń jó, ó ń rùn. Nígbà tí páànù já bọ́, mo ní ó tó, mo fẹ́ máa lọ. Ó ní kí n dúró, ó mú fáìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ha etí irin náà yípo. Mo pariwo lé e lórí. Ó ní, "Kó má bàa ya ìyá lára ni." Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ọ wò yípo kó tó jẹ́ kí n lọ.

Eruku ń gba ojú ihò náà wọlé, atẹ́gùn ń fọn. Mò ń sọ ohun tí mo máa sọ fún un lójú ọ̀nà: Ìyá, ẹ wò ó, mo ti ṣí i. Ìyá, ẹ wò ó, mo ti ṣí i. Láti òkèèrè ni mo ti rí bí àwọn èèyàn ṣe dúró. Àga náà ṣófo. Mo bọ́ sílẹ̀, mo sì ṣì sọ ọ́. Mo ní, "Ìyá, ẹ wò ó, mo ti ṣí i." Obìnrin ilé kejì ló wá gbá mi mú.

A ní láti gbé e lọ sí mọ́ṣúárì ní Ore, nítorí àwọn àbúrò mi jìnnà. Nígbà tí àwọn ọkùnrin gbé e jáde, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n kọjú sí. Mo lọ dí wọn lọ́nà. Mo ní, "Ibí ni kí ẹ gbà! Òun ni mo gé e fún!" Mò ń lu ara ọkọ̀ náà. Bàbá ìjọ wọn mú mi lọ́wọ́, ó sì rọra sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ìyá rẹ ti sọ ọ́ fún gbogbo wa. Ó ní alààyè ló ń gba ẹ̀gbẹ́. Jẹ́ ká ṣe é bó ṣe sọ."

Mo gbé ọwọ́ kúrò lára ọkọ̀, mo yà fún wọn. Wọ́n gba búùtù gbé e wọlé. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní tí mo ti tẹ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì nà dáadáa.

Mo wọ yàrá rẹ̀ lọ mú aṣọ. Ìlẹ̀kùn náà wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, lórí àpò tó mọ́. Ó fi ìró rẹ̀ kan bò ó. Nígbà tí mo ká a kúrò, mo rí ojú ara mi nínú gíláàsì rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ àti ìdè rẹ̀ ń dán, àdín ló ń rùn lára wọn. Obìnrin ilé kejì dúró lẹ́yìn mi. Ó ní, "Gbogbo Sátidé, kí o tó dé, ló máa ń fi àdín pa á. Ó ní ìpẹtà kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, pé ọmọ òun máa tó wá gbé e."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo gbé e lọ fún pánẹ́ẹ̀lì-bítà, ó sì dá a padà sáyè rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Ó ní kí n dán an wò. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ṣí, kò tilẹ̀ dún. Mo dúró síta, mo di í mú, nítorí ìlẹ̀kùn yẹn kì í dá dúró. Ó pẹ́ díẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì-bítà ní, "Tíṣà, ẹ lè tì í o." Mo ní mo gbọ́. Mo ṣì di í mú.