Ambrose Pettifer, Ọkùnrin Tó Fijó Kó Wa Sínú Òjò

Ọjọ́ tí Ambrose Pettifer fijó kó wa sínú òjò, kò sẹ́ni tó lè gbàgbé ẹ̀ ní Aldercote. Gbọ̀ngàn abúlé la wà, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì, ìlà méjì tó kọjú síra. Ambrose dúró lórí pèpéle, ó ń ké àrà tó kàn fún wa: ẹ dira yín lọ́wọ́ mú, ẹ yí po, ẹ gba ẹ̀yìn ara yín kọjá. Ijó náà dùn. Àṣé gbogbo ìgbà tá a bá jó o yípo tán ni ìlà wa ń sún díẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Kí goje tó dákẹ́, tọkọtaya tó wà níwájú ti bọ́ sí àgbàlá, òjò sì ń pa wọ́n.

Ambrose ò dá ijó dúró o. Ó nawọ́ sí wọn látòkè, ó ní, "Ẹ máa jó lọ. Ó ku àrà méjì kẹ́ ẹ wọlé."

Orí tábìlì ilé ìdáná ni baba yìí ti ń dá ijó tuntun sílẹ̀. Ife ẹyin, ìyẹn ife kékeré tí wọ́n ń gbé ẹyin sísè sí, làwọn obìnrin, ìgò iyọ̀ àti ti ata làwọn ọkùnrin, á sì máa tì wọ́n kiri títí oúnjẹ àárọ̀ á fi tutù. Ó gbàgbé pé ife ẹyin kì í kọ lu ògiri bíi tèèyàn. Mavis ìyàwó ẹ̀ ní kó yọ àrà kan kúrò. Ó ní rárá, gbọ̀ngàn ló kúrú. Ó bá gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ abúlé lọ pé kí wọ́n fẹ gbọ̀ngàn náà. Wọ́n ní itẹ́ òkú ló wà lẹ́yìn àgbàlá. Ó ní àwọn tó wà níbẹ̀ ò ní ṣàròyé, pé púpọ̀ nínú wọn ló fẹ́ràn ijó.

Ká tó jó ijó ẹ̀ kankan, á kọ́kọ́ rán wa létí pé òun ló dá a. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n a mọ ohun tó ń dùn ún. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí àwọn tí ò mọ̀ ọ́n rí jó ijó ẹ̀ níbi tóun ò sí. Ó gbé e dé àwọn abúlé ìtòsí. Wọ́n á jó o lójú ẹ̀, wọ́n á fún un ní tíì àti kéèkì. Tó bá ti kẹ̀yìn báyìí, wọ́n á padà sídìí ijó àwọn baba ńlá wọn.

"Òkú ni gbogbo ẹni tí wọ́n ń jó ijó wọn," ló sọ fún Mavis. "Bóyá ohun tó kù kí n ṣe nìyẹn."

Mavis ní, "Jọ̀ọ́, má kánjú. O ò tíì fọ abọ́."

Ambrose lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún kó tó kú, nígbà òtútù. Ó pẹ́ kí Mavis tó tún yọjú síbi ijó, àbúrò ẹ̀ ló sì fipá mú un lọ, ní ìlú kan létí òkun. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ tí wọ́n pe ijó tó kàn: Mavis Ń Bọ̀. Ọdún tí wọ́n ṣègbéyàwó ni Ambrose dá a fún un. Goje bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn tí kò mọ̀ rí tò, wọ́n ń jó o láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ké àrà fún wọn.

Ó bi ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé ta ló dá a.

"Ìyá, ijó àtijọ́ ni. Ta ló mọ̀? Bá a ṣe bá a nílẹ̀ nìyẹn."

Orúkọ Ambrose ti dé ẹnu ẹ̀, ó bá gbé e mì. Nígbà tó padà dé, ó sọ fún wa pé ẹkún gbọ̀n òun, pé òun ò láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ látìgbà tí ọkọ òun ti lọ. Ọkùnrin náà bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n jó.

"Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀," ni Mavis wí, ó sì na ọwọ́ sí i.