Ilé Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin Tí A Lọ Wò ní Wilhelmsburg

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wa. Bí bàbá arúgbó ará Jámánì kan tó fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún wa ní Wilhelmsburg, òórùn pákó tí omi ti wọ̀ fẹ́ sí mi nímú, ni mo bá ṣàdédé rántí Iléṣà àti yàrá tí a gbé nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ọkọ̀ tí ènìyàn lè sùn, kó sì se oúnjẹ nínú rẹ̀ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Wohnmobil. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wíwà ní Berlin ló ti ń lálàá rẹ̀. Ó ní òun ti gbé àwọn ẹlòmíràn dé ibi tí wọ́n ń lọ, ó ku kí òun gbé ara òun. Èyí tí a wá wò yìí ti dàgbà, àmọ́ ó ń dán. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà. Ó tẹ táyà wò, ó ṣáná sí ẹ́ńjìnì, ó tan sítóòfù gáàsì. Ó wá gun ibùsùn tó wà lókè orí awakọ̀, ó nà gbalaja bí ọba.

"Ìyá Títí, ó gbà mí o!" ló ń pariwo látòkè.

Èmi ṣì ń gbóòórùn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ bí òjò Iléṣà ti ń wọ ògiri amọ̀. Nínú yàrá wa yẹn, àbúrò mi ọkùnrin wúkọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí ó fi dá. Ìyá mi ní a ó kó kúrò, mo sì ń tẹ̀ lé e wá ilé káàkiri. Kì í wo ọ̀dà. Àtẹ́lẹwọ́ ló máa ń gbé lé ògiri, á gbóòórùn igun yàrá, á ká ẹní sókè. Onílé kan bi í pé, "Ìyá, ṣé ilé lẹ fẹ́ gbà ni àbí ẹ fẹ́ tọ́jú aláìsàn?"

"Bí ilé bá ń ṣàìsàn," ni ìyá mi fèsì, "àwọn ọmọ mi ló máa wúkọ́ rẹ̀."

Ni mo bá tẹ ògiri ọkọ̀ náà lábẹ́ fèrèsé. Ó rì wọlé bí búrẹ́dì tí a rẹ sínú tíì.

"Bàbá Títí, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wá fọwọ́ kan ibí."

Ó fọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ rọ̀. Bàbá arúgbó náà gbé tìmùtìmù ìsàlẹ̀ sókè: gbogbo abẹ́ rẹ̀ ti bu, ó dúdú. Ó dúró wò ó pẹ́. Ó ní láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú, òun kò sùn nínú rẹ̀ mọ́. Ara rẹ̀ lóde nìkan lòun máa ń fọ̀.

A kò rà á. Nínú S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin tó gbé wa kọjá odò Elbe, ẹ̀rù ń bà mí pé mo ti ba àlá ọkọ mi jẹ́. Nígbà tó yá ó ní, "Kọ́ mi bí ìyá rẹ ti ń ṣe é."

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, a rí òmíràn ní Moabit, ní Berlin. Kò rẹwà, àmọ́ ó gbẹ táútáú. Ọkọ mi ló ṣáájú mi gbóòórùn igun rẹ̀, a sì rà á.

Lóde òní, fóònù lẹ fi ń wo ilé àti ọkọ̀, àwòrán kì í sì í rùn. Ilé amọ̀ wa ti wó, búlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀ báyìí. Ohun tí ọwọ́ ìyá mi mọ̀ ni kò wó.

Etí òkun la kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà lọ. Ìyá mi kò fojú kan òkun rí títí ó fi dágbére fáyé. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ wa, mo ń bá a wò ó.