Etí Ọ̀gá Físíìsì

Tí mo bá rí sukudiráfà eléèkù igi, olùkọ́ físíìsì tó jẹ́ ọ̀gá mi nígbà tí mo ń ṣe tíṣà ní ìlú Ìrókò ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Tí ohùn mọ́tò tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí wọ́n ń fi rimóòtù darí láti kọ́ àwọn ọmọ bá yí padà, wọ́n á yọ abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀, wọ́n á fi ẹnu sukudiráfà kan mọ́tò, wọ́n á sì gbé èèkù rẹ̀ sí etí.

"Ẹ jẹ́ kó rojọ́ tán ká tó tú u." Ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, mọ́tò náà ń dún bí ẹ̀rọ ata tí òkúta bọ́ sí. Àwọn fúnra wọn ló kọ́ mi pé irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lè kú lófuurufú. Wọ́n tẹ́tí sí i títí, wọ́n ní, "Ó mọ́ kedere."

Wọn ò gbọ́ ọ! Ta ni èmi tíṣà kékeré láti já ọ̀gá nírọ́? Wọ́n dá abẹ̀bẹ̀ padà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ti kún pápá láti wo bó ṣe máa fò.

Mo fa bátìrì yọ. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ń dún bí ẹ̀rọ ata."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, sà."

Wọ́n wo àwọn ọmọ náà.

"O gbọ́ ọ, o sì ń wò mí? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé e fò kọjá lórí wọn láti ìgbà yẹn."