Iṣu àti Oyin tí Mo Gbé Lọ sí Alajo

Ìwọ ọmọ ọmọ mi lo ní kí n sọ ọ́, nítorí náà má fi ẹ̀rín da ọ̀rọ̀ mi rú. Kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi. Tí mo bá dákẹ́, dúró dè mí. Mi ò tíì sùn.

Àgádágodo ni mo ń tà lọ́jà Okaishie ní Accra, àgádágodo àti fìtílà àti búkẹ́ẹ̀tì. Bàbá Alágádágodo ni wọ́n ń pè mí. Àwọn obìnrin ọjà máa ń sọ pé èyí tó lágbára jù nínú ọjà mi, ẹnu ara mi ni mo fi tì. Mo máa ń gbọ́. Mi ò kì í dá wọn lóhùn, ìyẹn ló sì máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù.

Àgbẹ̀ kan wà tó máa ń ra ọjà lọ́wọ́ mi, ará abúlé kan lápá Krachi, ní òdìkejì adágún ńlá kan. Iṣu ló ń gbìn. Tó bá ta iṣu tán ní Accra, á ra fìtílà àti àgádágodo díẹ̀ lọ́dọ̀ mi, á lọ tà wọ́n lábúlé. Èdè Twi la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Twi tèmi ò já gaara, tiẹ̀ náà ò já gaara, bóyá ìyẹn ló jẹ́ ká mọwọ́ ara wa.

Lọ́jọ́ kan ó wá, kò mú iṣu wá. Ọmọbìnrin kékeré kan ló fà lọ́wọ́, ọmọ ẹ̀. Nǹkan kan wú sí ọmọ náà lọ́rùn, nísàlẹ̀ àgbọ̀n, ó tó ọsàn. Ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ ti ń dí. Ẹ̀kọ mímu nìkan ló lè gbé mì, á kọ́kọ́ na ọrùn sókè bí adìẹ tó ń mumi. Dókítà sọ pé àfi kí wọ́n là á kíákíá, pé tó bá pẹ́, èémí náà ò ní rọ́nà gbà. Káàdì ìlera ìjọba tí wọ́n ní ò ká gbogbo owó ẹ̀. Owó tó kù, bí ọkùnrin yẹn bá ta iṣu oko ẹ̀ tó ta oko mọ́ ọn, kò lè rí i.

Mo ní kí wọ́n máa sùn lọ́dọ̀ wa ní Mamobi. Mo kó ohun tí mo ní lélẹ̀. Kò tó.

Ìyá rẹ àgbà ní, "Ẹ lọ bá Màmá Olóṣẹ nílé wọn, ní àdúgbò Alajo."

Màmá Olóṣẹ ni olórí àwọn obìnrin Yorùbá wa ní Okaishie. Tó bá ní kí wọ́n dáwó, wọn á dáwó. Tí ò bá tíì sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa tọwọ́ bàpò.

Mo ní, "Ìwọ lọ."

Ó ní, "Ṣé èmi ni mo ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láti ìgbà tórí yín ṣì ní irun? Bàbá, ẹ kàn ní ọmọ ń ṣàìsàn, kí wọ́n ràn wá lọ́wọ́. Ẹnu yín ò ní ya."

Nígbà tó di Sọ́ńdè, mo wọ agbádá funfun tí mo fi ń kírun ọdún. Èèyàn ò lè wọ aṣọ ṣọ́ọ̀bù lọ bẹ èèyàn. Ni àgbẹ̀ yẹn bá yọ sí mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò iṣu àti ìgò oyin. Ará abúlé ẹ̀ kan ló bá a kó wọn wá. Ó ní níbi tiwọn, èèyàn ò gbọdọ̀ fọwọ́ lásán lọ bẹ àgbà. Mo wo iṣu, mo wo oyin. Ó yẹ kí ọkàn mi sọ nǹkan kan fún mi. Kò sọ. Òun náà ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀.

Ìwọ tó ń kọ ọ́, o ti ń rẹ́rìn-ín. Ó dáa. Bàbá rẹ, ọmọ mi, ò tíì níyàwó nígbà yẹn, gbogbo èèyàn ló sì ń bi mí pé kí ló ń dúró dè. Màmá Olóṣẹ ní ọmọbìnrin kan nílé, tíṣà ni, kò tíì lọ́kọ. Èmi wá wọlé wọn nínú agbádá, àpò iṣu léjìká awakọ̀ takisí, oyin lọ́wọ́ èmi fúnra mi.

Màmá Olóṣẹ kúnlẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, orí àga ló ti máa ń juwọ́ sí mi.

"Háà! Bàbá Alágádágodo! Ẹ̀yin náà rántí wa lónìí!"

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá."

Ó wo iṣu, ó wo oyin. "A ti mọ̀, Bàbá. Ẹ jókòó ná. Irú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò lè dá nìkan gbọ́ ọ."

Ó gbé fóònù, ó pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin ní Kotobabi, ó pe àwọn àbúrò ẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ kí gbogbo wọn wá dáwó ni. Inú mi dùn. Wọ́n gbé jọ́lọ́ọ̀fù àti adìẹ wá, mo jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n yẹn dé, ó ń bi mí nípa bàbá rẹ.

"Ṣé ó ń kírun?"

"Ó ń kírun."

"Ṣé kì í mutí?"

"Kì í mu ún."

Mo rò pé ọkùnrin náà kàn fẹ́ràn ìbéèrè ni.

Ni ọmọbìnrin yẹn bá jáde wá nínú léèsì, ó kúnlẹ̀, ó gbé omi fún mi. Ẹ̀gbọ́n tún fìlà dé, ó wúkọ́. "Ó yá, Bàbá. Òdòdó wo lẹ rí nínú ọgbà wa?"

Ibẹ̀ lojú mi ti là. Tí mo bá sọ òótọ́, ojú á ti ọmọ ọlọ́mọ níwájú ẹbí ẹ̀, màmá ẹ̀ á bínú, ìrètí ọmọ aláìsàn yẹn ti parí nìyẹn. Tí mo bá dákẹ́, mo ti gbéyàwó fún bàbá rẹ láìsọ fún un. Mo rí ọmọ yẹn lójú mi, bó ṣe ń na ọrùn.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́. Iṣu yìí kì í ṣe tèmi. Bàbá kan ló ní kí n fi bẹ̀ yín. Ọmọ ẹ̀ ò lè gbé oúnjẹ mì mọ́. Wọ́n fẹ́ là á lọ́rùn, owó ò pé. Mi ò wá tọrọ ìyàwó."

Mi ò sọ̀rọ̀ tó gùn tóyẹn rí.

Ọmọbìnrin yẹn ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò tiẹ̀ tìtorí mi wá rárá?"

"Rárá, ọmọ mi. Má bínú."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Bí gbogbo ilé ṣe bú sẹ́rìn-ín nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ṣí fìlà, ó fi nu omi ojú. "Torí eléyìí ni mo ṣe sáré wọ aṣọ òkè nínú oòrùn!"

Màmá Olóṣẹ nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ mi.

"Bàbá Alágádágodo, ẹ jẹ adìẹ mi."

"Mo jẹ ẹ́."

"Ẹ jẹ itan."

"Ó dùn."

Ó tú gèlè orí ẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. "Ẹbí mi ò kì í jókòó báyìí kí wọ́n tú ká lásán. Ó yá, ẹ máa ju owó síbẹ̀." Tíṣà yẹn ló kọ́kọ́ jù ú.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, Màmá Olóṣẹ gbé ìtàn náà kiri Okaishie, láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Òfin ẹ̀ ni pé ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, kó dáwó. Kò sẹ́ni tí ò rẹ́rìn-ín. Tí mo bá ń kọjá, wọn á ní, "Bàbá, ìyàwó ńkọ́?" Àwọn ará Ghana tó wà láàárín wa ní kí wọ́n túmọ̀ ẹ̀ fáwọn, àwọn náà rẹ́rìn-ín, àwọn náà dáwó. Mo dorí kodò, mò ń nu àgádágodo. Owó náà pé.

Má wò mí bẹ́ẹ̀. Tíṣà yẹn kọ́ ni ìyá rẹ. Ẹnìkan ní Kumasi ló fẹ́ ẹ, nígbà tí bàbá rẹ ṣì ń ronú ohun tó máa bá a sọ. Ọmọ mi ni, kò sí iyàn níbẹ̀.

Wọ́n la ọmọ náà lọ́rùn, ó sì yọrí sí rere. Ọ̀dọ̀ wa ló ti gbàtọ́jú. Màmá Olóṣẹ ti tọ́jú ọ̀kan nínú iṣu yẹn pa mọ́, ó fi ránṣẹ́ sí wa, ó ní kí ọmọ náà jẹ iṣu ìdána lọ́jọ́ tó bá lè gbé e mì. Nígbà tó tó àkókò, ìyá rẹ àgbà sè é, ó bù ú fún un. Àwa àgbà dúró yí i ká, ọrùn ẹ̀ la ń wò. Bàbá ẹ̀ di ẹsẹ̀ tábìlì mú.

Ó jẹ ẹ́. Kò na ọrùn sókè. Ó kàn gbé e mì.

Ó wá wo ìyá rẹ àgbà, ó ní iyọ̀ ò tó.